Ìtọ́jú ikọ́ fée tó ti pẹ́ lára pẹ̀lú ìṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà: ìtọ́sọ́nà láti orí àyẹ̀wò dé orí ìtọ́jú

Zhu Danxi, oníṣègùn ará Ṣáínà tó gbé ayé láàárín ọdún 1281 sí 1358, fi òfin kan lélẹ̀ lórí ikọ́ fée, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ásímà. Ó ní nígbà tí àìsàn náà bá dìde, kí oníṣègùn lé ohun tó gbé e dìde jáde kíákíá. Nígbà tí kò bá sì dìde, kí ó gbé agbára ara aláìsàn ró. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà ṣì ń tẹ̀lé òfin yìí títí di òní, apá kejì rẹ̀ ni mo sì gbé ìtọ́sọ́nà yìí lé. Lójú tèmi, àsìkò tí àìsàn náà bá rọlẹ̀ ni ìṣègùn Ṣáínà lè ràn ẹni tí ikọ́ fée ti ń bá fínra fún ọdún pípẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tí èémí bá ń há, iṣẹ́ inhaler, ike tí a fi ń fa oògùn sínú ẹ̀dọ̀fóró, àti ti ilé ìwòsàn ni.

Àwọn tí mo ní lọ́kàn ni àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣòwò tàbí tó ń kàwé ní Guangzhou àti ní Beijing, àti àwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń rí ṣọ́ọ̀bù egbòogi Ṣáínà ládùúgbò wọn. Àwọn tó wà ní Ṣáínà ní àǹfààní kan tí àwọn yòókù kò ní, nítorí pé ìṣègùn méjèèjì ń gbé abẹ́ òrùlé kan náà níbẹ̀. Ní ilé ìwòsàn ńlá fún ìṣègùn ìbílẹ̀ ti ìpínlẹ̀ Guangdong, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Guangzhou ní ọdún 1933, aláìsàn lè ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀, kí wọ́n sì tún kọ egbòogi fún un. Ẹni tó bá wà níbòmíràn ni yóò fúnra rẹ̀ so ìṣègùn méjèèjì pọ̀, ìyẹn sì gba ìṣọ́ra.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ rí i dájú pé ikọ́ fée ni

Ìṣègùn Ṣáínà kì í fi orúkọ àìsàn ṣe ìpìlẹ̀ ìtọ́jú, àmì tí ara ń fi hàn ló ń tẹ̀lé. Nítorí náà, oníṣègùn lè kọ egbòogi fún èémí tó ń súfèé nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀ bóyá ẹ̀dọ̀fóró ló ń ṣe aláìsàn tàbí ọkàn rẹ̀. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò ilé ìwòsàn fi gbọ́dọ̀ ṣáájú. Nínú ikọ́ fée, inú àwọn ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ̀dọ̀fóró máa ń wú, iṣan tó yí wọn ká á fún wọn pa, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á sì dí ìwọ̀nba àyè tó kù. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí ọ̀pọ̀ àìsàn èémí mìíràn ni pé ọ̀nà náà tún máa ń là, yálà fúnra rẹ̀ tàbí lẹ́yìn oògùn.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní spirometer ni wọ́n fi ń wọn èyí. Wọn yóò ní kí ẹ fẹ́ èémí sínú rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára yín, wọn yóò fún yín ní salbutamol, oògùn tó ń la ọ̀nà afẹ́fẹ́, fà, ẹ óò dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 sí 15, ẹ óò sì tún fẹ́ ẹ. Bí ìwọ̀n èémí tó jáde ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ bá fi ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, tí àfikún náà kò sì dín ní mìlílítà 200, ẹ̀rí tó lágbára nìyẹn fún àgbàlagbà. Bí ẹ bá lọ ní ọjọ́ tí ara yín dá, ẹ̀rọ náà lè má rí nǹkan kan, èyí kò sì túmọ̀ sí pé àìsàn náà kò sí. Ẹ lè wá ra peak flow meter, ike kékeré tí wọ́n ń fẹ́ èémí sí nílé, kí ẹ máa fẹ́ ẹ láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì kọ iye tó bá sọ sílẹ̀. Ẹ fi ike yìí pamọ́ dáadáa, nítorí a óò tún padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ikọ́ tó ń mú ẹ̀jẹ̀ jáde, ara tó ń rù, òógùn tó ń rin aṣọ lóru, tàbí ẹsẹ̀ tó ń wú pẹ̀lú èémí tó ń há nígbà tí ènìyàn bá dùbúlẹ̀, gbogbo ìwọ̀nyí ń tọ́ka sí àìsàn mìíràn bí ikọ́ àwúbì (TB) tàbí àìlera ọkàn. Ẹ má ṣe gbé wọn lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn egbòogi kí dókítà tó rí yín.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ọjọ́ tí egbòogi kò ní iṣẹ́ láti ṣe

Bí ẹ kò bá lè sọ odindi gbólóhùn láìdúró mí, bí ètè tàbí ahọ́n bá ń di aláwọ̀ eérú, bí àyà bá ń wọnú láàárín egungun ìhà, bí inhaler kò bá ràn yín lọ́wọ́ mọ́ tàbí tí ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ kò pé wákàtí díẹ̀, ẹ ti wà nínú ewu. Ẹ tẹ̀lé ètò pàjáwìrì tí dókítà yín kọ fún yín, ẹ jókòó ṣánṣán, ẹ má ṣe dùbúlẹ̀, kí ẹnì kan sì pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn: 120 ni nọ́ńbà rẹ̀ ní Ṣáínà, 112 ní Nàìjíríà, 999 ní Britain, 911 ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há orí ìka láti wọn afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ lè tan aláwọ̀ dúdú jẹ, nítorí àwọn olùwádìí ti fi hàn pé ó máa ń sọ iye tó ga ju bó ṣe rí gan-an lọ lára aláwọ̀ dúdú nígbà mìíràn. Bí ara bá ń sọ pé nǹkan ń bàjẹ́, ẹ gba ara gbọ́, kí ẹ má ṣe fi nọ́ńbà orí ìka tu ara yín nínú.

Àti pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa inhaler stẹ́rọ́ìdì, èyí tó ń dín wíwú ọ̀nà afẹ́fẹ́ kù, tì nítorí pé ó bẹ̀rẹ̀ egbòogi. Wíwú tó wà nínú ọ̀nà afẹ́fẹ́ lè máa pọ̀ sí i fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí aláìsàn tó mọ̀ ọ́n lára, ọjọ́ tó bá sì mọ̀ ọ́n lè jẹ́ òru.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ múra sílẹ̀ fún àyẹ̀wò mẹ́rin

Ọ̀nà mẹ́rin ni oníṣègùn ìbílẹ̀ Ṣáínà ń gbà yẹ ènìyàn wò: ó ń wo aláìsàn, ó ń gbọ́ ohùn àti èémí rẹ̀, ó sì ń gbóòórùn ara rẹ̀, ó ń bi í léèrè ọ̀rọ̀, ó sì ń fọwọ́ kan iṣan ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá kọ egbòogi fún yín láìwo ahọ́n yín, tí kò sì fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ yín, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ahọ́n ni wọ́n ń gbára lé jù nínú wíwò. Wọ́n ń wo àwọ̀ rẹ̀, bó ṣe sanra tó, bóyá ojú eyín wà létí rẹ̀, àti irú ohun tó bo orí rẹ̀: funfun ni tàbí pupa rúsúrúsú, ó gbẹ ni tàbí ó ń yọ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi búrọ́ọ̀ṣì ha ahọ́n yín láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ má sì mu kọfí tàbí ohun aláwọ̀ kan kí ẹ tó lọ. Ohun kan wà níbí tí ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í mọ̀: inhaler stẹ́rọ́ìdì lè mú kí efu funfun hù sórí ahọ́n àti sínú ọ̀fun bí ẹni tó ń lò ó kì í bá fi omi ṣan ẹnu lẹ́yìn rẹ̀. Oníṣègùn tí kò bá mọ̀ lè ka efu náà sí àmì òtútù inú ara, kí ó sì kọ egbòogi gbígbóná fún yín, nígbà tó jẹ́ pé fífi omi ṣan ẹnu àti oògùn efu ni ẹ nílò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn oògùn mìíràn ṣe ń da àmì rú. Salbutamol máa ń mú kí iṣan lù kíákíá, lílù kíákíá sì jẹ́ àmì ooru lójú oníṣègùn Ṣáínà. Prednisolone, stẹ́rọ́ìdì oníhóró, tí ẹ gbé mì fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ lè mú ojú wú, kí ó mú oorun lọ, kí ó sì mú ebi pọ̀, àwọn yẹn náà sì jọ ooru. Ẹ kọ orúkọ gbogbo oògùn yín sílẹ̀ pẹ̀lú aago tí ẹ lo ọ̀kọ̀ọ̀kan kẹ́yìn, kí ẹ gbé ìwé náà síwájú rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kàn yín.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ojú tún ń bẹ. Àwọn ìwé àtijọ́ wọn sọ pé ojú ẹni tí ikọ́ fée olótùútù ń ṣe máa ń ṣú, àti pé ti ẹni tí ti olóoru ń ṣe máa ń pọ́n, ṣùgbọ́n ojú àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n fi ṣe àkíyèsí wọ̀nyẹn. Lára aláwọ̀ dúdú, inú ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀, èrìgì, ahọ́n, àtẹ́lẹwọ́ àti ìsàlẹ̀ èékánná ló yẹ kí wọ́n wò. Bí oníṣègùn yín kò bá tíì tọ́jú aláwọ̀ dúdú rí, ẹ fi àwọn ibi wọ̀nyí hàn án, kò ní ka á sí àfojúdi.

Nígbà tó bá di ìbéèrè, ẹ má ṣe yára dáhùn. Yóò bi yín bóyá fífa èémí sínú ló nira jù tàbí títú u jáde. Bí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yín ṣe rí, bóyá ó funfun tó sì ń hó bí ìfófòó ọṣẹ tàbí ó pọ́n rúsúrúsú tó sì ń lẹ̀. Bóyá òùngbẹ ń gbẹ yín, omi gbígbóná tàbí títutù sì ni ẹ ń fẹ́. Bóyá ẹ máa ń làágùn láìṣe iṣẹ́. Bí ìgbẹ́ yín ṣe rí. Bóyá ara ti ń yún yín láti kékeré. Yóò tún bi yín ní aago tó máa ń jí yín. Nínú ètò tiwọn, aago mẹ́ta sí márùn-ún ìdájí ni àsìkò ẹ̀dọ̀fóró, àwọn dókítà òde òní pẹ̀lú sì mọ̀ pé nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí ni ọ̀nà afẹ́fẹ́ ẹni tó ní ikọ́ fée máa ń há jù. Ẹ má ṣe gbàgbé láti sọ ohun tó ń ru ú sókè: eruku ibùsùn, aáyán, èéfín, olóńgbò, òtútù, ìdààmú ọkàn, tàbí funfun tó ń hù lára ògiri, èyí tó wọ́pọ̀ nínú ilé ní Guangzhou nítorí ọ̀rinrin ibẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni yóò gbé ìka mẹ́ta lé ọrùn ọwọ́ yín, ọwọ́ ọ̀tún àti ti òsì. Ibi tí ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ bá kàn lọ́wọ́ ọ̀tún ni wọ́n gbà pé ẹ̀dọ̀fóró ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ jókòó sinmi fún ìṣẹ́jú mélòó kan ṣáájú, kí ó má baà jẹ́ àtẹ̀gùn tí ẹ gùn ni yóò gbọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ mọ irú èyí tó jẹ́ tiyín

Ohun tí wọ́n gbà pé ó wà nídìí ikọ́ fée tó ti pẹ́ ni kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó fara pamọ́ sínú ara. Òtútù, oúnjẹ, ìbínú tàbí àárẹ̀ ló máa ń jí i, a sì wá bá qi, agbára tó ń rìn nínú ara lójú tiwọn, jà lójú ọ̀nà ọ̀fun. Láti ibí ni wọ́n ti pín in.

Bí ó bá dìde, yálà kí ó jẹ́ olótùútù tàbí olóoru. Ti olótùútù ń mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ funfun tó ń hó wá, òùngbẹ kì í gbẹ aláìsàn, ara rẹ̀ kọ òtútù, ohun funfun tó ń yọ̀ ló bo ahọ́n rẹ̀, iṣan rẹ̀ sì le bí okùn tí wọ́n fà tan. Ti olóoru ń mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rúsúrúsú tó lẹ̀ mọ́ àyà wá, pẹ̀lú òùngbẹ, òógùn, ahọ́n pupa àti iṣan tó ń sáré. Àwọn kan ní méjèèjì pọ̀, pàápàá àwọn tó ti ń ṣàìsàn láti ọdún púpọ̀, àwọn wọ̀nyí ló sì máa ń fi òye oníṣègùn hàn.

Bí ó bá rọlẹ̀, ẹ̀yà ara mẹ́ta ni wọ́n ń wò fún àìlera. Ẹni tí àìlera rẹ̀ wà ní ẹ̀dọ̀fóró máa ń kó òtútù ní gbogbo ìgbà, ó ń làágùn láìnídìí, afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó bá fẹ́ sí i ló ń bà á lẹ́rù. Ẹni tí tirẹ̀ wà ní pi, ibi tí wọ́n gbà pé ó ń ṣètò oúnjẹ tí a jẹ, kì í lè jẹun púpọ̀, inú rẹ̀ ń wú, ìgbẹ́ rẹ̀ rọ̀, ojú eyín wà létí ahọ́n rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ ti kíndìnrín, ìbàdí àti eékún ń ro ó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tutù, ìrìn díẹ̀ sì ti ń gba èémí lẹ́nu rẹ̀, nítorí wọ́n ní kíndìnrín ló ń fa èémí wálẹ̀ tí ó sì ń dì í mú. Ẹ ó rí i pé kíndìnrín tí wọ́n ń sọ níbí kì í ṣe èyí tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń wò. Bí wọ́n bá sọ fún ẹnì kan pé kíndìnrín rẹ̀ kò lágbára, èyí kò túmọ̀ sí pé ó ní àìsàn kíndìnrín lójú dókítà, kò sì yẹ kí ẹ̀rù bà á.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: egbòogi

Fún ikọ́ fée olótùútù tó dìde níwọ̀nba, Zhang Zhongjing, oníṣègùn àtijọ́ ará Ṣáínà, ti kọ àpòpọ̀ méjì sílẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ikú Kristi: Shegan Mahuang Tang, fún ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ ń dún bí ẹyẹ odò, àti Xiao Qinglong Tang, tó ní ohun mẹ́jọ nínú, lára wọn mahuang (egbòogi tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Ephedra), ẹ̀ka wẹ́wẹ́ igi kan tó jọ kinamọ́ọ̀nì, atalẹ̀ gbígbẹ àti gbòǹgbò kan tí wọ́n ń pè ní xixin. Fún ti olóoru, Ding Chuan Tang ni wọ́n sábà máa ń kọ, pẹ̀lú kóró igi ginkgo àti mahuang nínú rẹ̀. Àwọn kan máa ń fi ekòló gbígbẹ kún un, èyí tí wọ́n ń pè ní dilong. Kò sí ohun tó yani lẹ́nu nínú ìyẹn fún ẹni tó bá mọ ohun tí àwọn oníṣègùn tiwa náà máa ń fi sínú àgúnmu.

Mahuang ni àgbà nínú gbogbo wọn. Ní ọdún 1885, Nagai Nagayoshi ará Japan yọ èròjà tó ń jẹ́ ephedrine jáde nínú rẹ̀. Láàárín 1923 sí 1924, K. K. Chen àti Carl Schmidt, ní Peking Union Medical College ní Beijing, ṣe ìwádìí tó jẹ́ kí àwọn dókítà ayé mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì di oògùn ikọ́ fée káàkiri kí àwọn oògùn tó sàn jù ú lọ tó dé. Ó ń la ọ̀nà afẹ́fẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń mú ọkàn sáré, ó sì ń mú ẹ̀jẹ̀ ru, débi pé ìjọba Amẹ́ríkà fòfin de àwọn àfikún oúnjẹ tó ní ephedrine nínú ní ọdún 2004. Ìwé òfin oògùn Ṣáínà fi gíráàmù 2 sí 10 lélẹ̀ fún ọjọ́ kan. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsàn ọkàn tàbí gọ̀ọ́tà, àti aboyún, kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án. Bí ẹ bá ń lo salbutamol lójoojúmọ́, àwọn méjèèjì yóò jọ máa lé ọkàn yín, nítorí náà lójú tèmi kò sí ìdí tí ẹni tó ní inhaler tó ń ṣiṣẹ́ yóò fi mu mahuang rárá. Egbòogi àsìkò ìrọ̀lẹ̀ ni kí ẹ béèrè.

Àwọn ti àsìkò yìí kò le tó bẹ́ẹ̀. Yu Ping Feng San ni ti ẹ̀dọ̀fóró, gbòǹgbò mẹ́ta péré ló wà nínú rẹ̀: huangqi, baizhu àti fangfeng. Liu Junzi Tang ni ti pi. Ti kíndìnrín ni Jingui Shenqi Wan, ṣùgbọ́n fuzi wà nínú ìyẹn, gbòǹgbò tó ní oró bí wọn kò bá sè é bó ṣe yẹ, ẹ má ṣe rà á ní ibi tí kò ní ìwé àṣẹ. Àwọn kan á ní kí ẹ fi ọmọńlé gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní gejie kún un. Láti ọdún 2019 ni òfin àgbáyé lórí òwò ẹranko ìgbẹ́ ti ń ṣọ́ kíkó ẹ̀dá náà kọjá ẹnubodè, ẹ sì lè rí ìyà rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú.

Bí ẹ bá fẹ́ se é nílé, ìkòkò amọ̀ tàbí ti tánganran ni kí ẹ lò, kì í ṣe irin tàbí alumíníọ́mù. Ẹ da omi tútù lé e títí yóò fi bo egbòogi dáadáa, ẹ jẹ́ kí ó rẹ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ gbé e kaná títí yóò fi hó, kí ẹ wá dín iná kù fún nǹkan bí ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ tún da omi sí i, ẹ sè é lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ pa omi méjèèjì pọ̀, kí ẹ sì mu ún láàárọ̀ àti lálẹ́ ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Ibi tó ti yàtọ̀ sí àgbo tiwa ni pé wọn kì í fi í sílẹ̀ nínú ìkòkò kí wọ́n máa tún un hó fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìdì kan wà fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Ilé ìwòsàn tún lè bá yín sè é kí wọ́n dì í sínú ọ̀rá, tàbí kí wọ́n fún yín ní ẹ̀yà oníyẹ̀fun tí wọ́n ń pò mọ́ omi gbígbóná.

Mẹ́ta nínú ewu egbòogi yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Èkíní ni èròjà tí wọ́n ń pè ní aristolochic acid, tó ń ba kíndìnrín jẹ́ tó sì ń fa jẹjẹrẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ó ba kíndìnrín ọ̀pọ̀ obìnrin jẹ́ ní Belgium, nítorí pé wọ́n fi egbòogi kan rọ́pò òmíràn tí orúkọ wọn jọra. Ìdílé kan náà ni xixin ti wá, ìdí nìyẹn tí ìwé òfin oògùn Ṣáínà ti ọdún 2005 fi ní gbòǹgbò rẹ̀ nìkan ni kí wọ́n máa lò. Gíráàmù 1 sí 3 ni ìwọ̀n rẹ̀. Èkejì ni gancao, igi aládùn tó wà nínú ọ̀pọ̀ àpòpọ̀: bí ó bá pọ̀, ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ru, ó sì ń dín potassium, iyọ̀ tí ọkàn nílò nínú ẹ̀jẹ̀, kù, salbutamol àti stẹ́rọ́ìdì náà sì ń dín in kù. Ẹ̀kẹta ni ìyẹ̀fun tí kò ní orúkọ. Àwọn aláṣẹ oògùn ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti rí stẹ́rọ́ìdì nínú ohun tí wọ́n tà fún ènìyàn gẹ́gẹ́ bí ewé lásán. Bí ikọ́ fée ọdún pípẹ́ bá pòórá láàárín ọjọ́ mélòó kan, tí ojú yín sì ń wú, ẹ má yọ̀. Ẹ gbé ìyẹ̀fun náà lọ fún dókítà, ẹ má sì dá a dúró lójijì kí ó tó rí yín, nítorí dídá stẹ́rọ́ìdì dúró lójijì ní ewu tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: abẹ́rẹ́ àti egbòogi àlẹ̀mọ́

Abẹ́rẹ́ tínínrín ni wọ́n ń gún sí ojú ibi tí wọ́n ti yàn. Àwọn tí wọ́n sábà máa ń lò fún ikọ́ fée ni Dingchuan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun tó yọ sókè nísàlẹ̀ ọrùn lẹ́yìn. Feishu, ní ìwọ̀n ìka méjì sí ẹ̀gbẹ́ egungun ẹ̀yìn kẹta ti àyà. Lieque lókè ọrùn ọwọ́. Àti Fenglong lójúgun fún kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun tí wọ́n ya níwájú yín. Ẹ̀dọ̀fóró kò jìnnà sí awọ ní ẹ̀yìn òkè, abẹ́rẹ́ tó bá wọlé jù lè lu ú. Bí àyà bá dùn yín lójijì ní ẹ̀gbẹ́ kan tí èémí sì há ní ọjọ́ tí wọ́n gún yín lábẹ́rẹ́, ẹ má ṣe rò pé ikọ́ fée ló tún dé kí ẹ máa fa inhaler lásán. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì sọ pé wọ́n gún yín lábẹ́rẹ́.

Ohun tí àwọn ará Ṣáínà fẹ́ràn jù fún àìsàn yìí ni sanfutie, egbòogi tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ní ọjọ́ tí oòrùn mú jù lọ́dún, láti àárín oṣù keje sí apá ìparí oṣù kẹjọ. Èrò wọn ni pé àìsàn òtútù ló yẹ kí wọ́n tọ́jú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ó tó dìde. Oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Zhang Lu kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní ọdún 1695: wọ́n ń lọ kóró músítádì funfun pẹ̀lú egbòogi mìíràn, wọ́n ń fi omi atalẹ̀ pò ó, wọ́n sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ Feishu àti àwọn ojú ibi tó yí i ká. Àsìkò mẹ́ta ni wọ́n pín ọjọ́ oòrùn náà sí, wọ́n sì máa ń gba aláìsàn níyànjú láti ṣe é fún ọdún mẹ́ta léraléra. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń lẹ̀ ẹ́, èrò máa ń pọ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn wọn, ẹ tètè gba nọ́ńbà.

Ó máa ń ta ènìyàn lára. Ẹ yọ ọ́ bí ó bá ti ń jó yín, kí ẹ má ṣe dúró de aago tí wọ́n dá, nítorí pé ó lè bó awọ, àpá rẹ̀ sì máa ń dúdú, ó sì tún lè wú sókè lára àwa aláwọ̀ dúdú. Kí ẹni tí àpá ara rẹ̀ máa ń wú, aboyún, àti ẹni tí ibà ń ṣe má ṣe é rárá.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ wọn ọ́n, ẹ má ṣe fi bí ó ṣe ń rí lára nìkan ṣe ìdájọ́

Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2011 ló jẹ́ kí n tẹnu mọ́ èyí. Wọ́n fún àwọn aláìsàn ikọ́ fée kan náà ní ìtọ́jú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: inhaler gidi, inhaler òfìfo, abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn tí kò wọ ara, tàbí kí wọ́n má fún wọn ní ohunkóhun. Ìwọ̀n èémí lọ sókè ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún pẹ̀lú inhaler gidi, àwọn yòókù kò ju nǹkan bí ìdá 7 lọ. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n bi àwọn aláìsàn bí ara wọn ṣe rí, inhaler òfìfo àti abẹ́rẹ́ ẹ̀tàn tù wọ́n nínú bíi ti inhaler gidi. Ìtùnú wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà afẹ́fẹ́ kò là. Ẹni tó bá fi ìtùnú yẹn dá oògùn rẹ̀ dúró ti fi ara rẹ̀ wewu.

Lórí egbòogi, ìwádìí tó wà kò tíì pọ̀, ṣùgbọ́n kò ṣófo. Ní Ṣáínà, wọ́n fún àwọn aláìsàn nínú ẹgbẹ́ ènìyàn 91 ní àpòpọ̀ egbòogi mẹ́ta, olú tí wọ́n ń pè ní lingzhi, gbòǹgbò kushen àti gancao, tàbí prednisone tó jẹ́ oògùn stẹ́rọ́ìdì, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Èsì rẹ̀ jáde ní 2005. Èémí ẹgbẹ́ méjèèjì sàn sí i, ti prednisone fi díẹ̀ sàn jù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kò tó láti fi ṣèdájọ́ àìsàn ogún ọdún.

Nítorí náà, ẹ mú peak flow meter yín jáde. Ẹ fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárọ̀ àti lálẹ́ kí ẹ tó lo oògùn, ẹ kọ èyí tó ga jù sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú egbòogi. Ẹ fi iye tó dára jù tí ẹ ti ní rí ṣe òṣùwọ̀n: bí ẹ bá wà ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó dára; láàárín 50 sí 79, ẹ tẹ̀lé ohun tí ètò yín sọ; bí ó bá wálẹ̀ ju 50 lọ, ilé ìwòsàn. Ẹ tún máa kọ iye ìgbà tí ẹ fa inhaler ìrànwọ́ lọ́sẹ̀ àti iye òru tí ó jí yín. Ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti potassium kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́yìn oṣù kan.

Bí oṣù mẹ́ta bá pé tí àkọsílẹ̀ náà kò yàtọ̀, ẹ dá egbòogi náà dúró, kí ẹ fi owó rẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn. Bí ó bá yàtọ̀ sí rere, tí ẹ kò sì jí lóru mọ́, ẹ gbé ìwé náà lọ fún dókítà tó kọ inhaler fún yín. Òun ni yóò pinnu bóyá kí ẹ dín in kù, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú àyẹ̀wò spirometer mìíràn. Ẹ mú orúkọ egbòogi kọ̀ọ̀kan dání fún un ní Látìnì pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀ ní gíráàmù. Oníṣègùn tó ní ìwé àṣẹ lè kọ ọ́ fún yín, dókítà ní Ìbàdàn tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù yóò sì lè fi í wá ohun tó bá yẹ kí ó mọ̀ nípa rẹ̀.